Adé Páànù Tíṣà Adégbìtẹ́

Ní ọ̀sán Sátidé kan lọ́dún 1956, Tíṣà Adégbìtẹ́ dìde láàárín ilé sinimá kan ní Dùgbẹ̀, ó sì jágbe mọ́ ọba tó wà lójú aṣọ funfun: "Adé rẹ dà?"

Eré Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí Tíṣà ti fi ogún ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ni. Àwọn tó wá sọ ọ́ di sinimá wọ kóòtù àti táì fún ọba, wọ́n sì fún un ní mọ́tò.

"Bàbá, ẹ jókòó!"

"Mi ò jókòó! Ṣé akọ̀wé ni wọ́n wá fi jọba ni?" Ibi tó ti ń jà, ó rìn wọ inú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ, òjìji fìlà abetí-ajá rẹ̀ sì bọ́ sórí ọba gẹ́lẹ́. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ó ti dé e o!"

Bàdírátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Tíṣà kékeré ni lábẹ́ Adégbìtẹ́ nílé-ìwé. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ fi agbádá àti ìró ṣe eré kan náà nípàdé òpin ọdún, ṣùgbọ́n Tíṣà kọ̀, bẹ́ẹ̀ láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀, kò séré. Òun ló mú un wá wòran, bóyá ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Àfi bíi pé ó da epo síná.

Sátidé kejì, Tíṣà padà lọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Sùrájù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi í pé, "Bàbá, ṣebí ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀?"

"Mo wá wò bóyá ó ti múra ni!"

Lọ́jọ́ Ajé, ó ju ìwé tó ti buwọ́ lù sórí tábìlì Bàdírátù, ó gbé adé tó fi páànù gé lé e. "Ẹ wọ agbádá yín, Mísì. Ṣùgbọ́n ọba tó bá jáde láìdé èyí, màá lé e sọ̀ kalẹ̀ níṣojú ìyá ẹ̀."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Ẹ má dúpẹ́! Inú ṣì ń bí mi."

Lọ́jọ́ eré, adé náà tóbi. Ó bo ọba lójú, ọba sì jókòó lé ìyàwó rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Tíṣà, lórí àga iwájú, pàtẹ́wọ́ títí.

Ó kú lọ́dún 1959. Nípàdé òpin ọdún náà, wọ́n tún ṣe eré náà, ọba gbàgbé adé, ó jáde lásán. Sùrájù, tí ọmọ rẹ̀ wà nínú eré, jágbe láti ẹ̀yìn: "Adé rẹ dà?"

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, Bàdírátù náà sì rẹ́rìn-ín bó ti ń sáré gbé adé lọ bá ọba. Nígbà tó padà, àga iwájú nìkan ló ṣófo. Ó fi ìborùn nu eruku rẹ̀, ó sì dúró tì í títí eré fi parí.