Mama Elmina, Àna Rẹ̀ àti Òrùlé

Àwọn àgbà ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà yẹn kò tíì dé àgbàlá Mama Elmina. Níbẹ̀, ẹnu ajá l'ọ̀rọ̀ wà.

Ọdún mọ́kànlá ni Mama Elmina àti Wilmot, ọkọ ọmọ rẹ̀, fi jọ gbé àgbàlá kan náà ní Port Vila, olú-ìlú Vanuatu, láìbá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kan. Kì í ṣe pé wọ́n ń jà o. Ọ̀wọ̀ ni. Ní àwọn erékùṣù tiwa ní Banks, ọkùnrin kì í pe orúkọ ìyá ìyàwó rẹ̀, ìyá náà kì í pe tirẹ̀, ọkùnrin kò sì gbọdọ̀ gba òkè orí rẹ̀ kọjá. Bí Wilmot bá fẹ́ mú àdá tó fi kọ́ sára ògiri, tí Mama sì jókòó nísàlẹ̀ ibẹ̀, á dúró bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ títí Mama á fi dìde. Tiko, ajá wọn, ló ń bá wọn jíṣẹ́.

"Tiko," Mama á ní, "sọ fún ọkùnrin kan pé laplap ti jinná, kó má fi ebi pa ara rẹ̀."

"Tiko," Wilmot á dáhùn láìwẹ̀yìn, "sọ fún àwọn tó sè é pé wọ́n ṣeun. Ikùn ọkùnrin kan ti ń kọrin látàárọ̀."

Tiko á kàn máa ju ìrù.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni Mama nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Mota Lava, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Banks náà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi fọ aṣọ ibùsùn nílé àlejò kan létí òkun. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Eslin, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Aṣọ fífọ̀ yẹn ló fi kọ́lé, páànù kan lónìí, páànù kan lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, olóríkunkun ni. Kápíńtà gidi ni Wilmot, wọ́n ń wá a wá láti òdìkejì ìlú, ṣùgbọ́n kò kan ìṣó kan rí sórí òrùlé ìyá ìyàwó rẹ̀. Àwa aládùúgbò ní kí Mama jáde lọ sọ́jà kí ọkùnrin náà lè ráyè gun òkè. Ó ní rárá, ibi tí òun ń sùn, orí òun ni, ì báà jẹ́ òun wà nílé, ì báà jẹ́ òun ò sí. Jorj, àbúrò ọkọ mi, ló wá ń bá a kàn án. Jorj mọ gìtá ta. Kò mọ ìṣó kàn.

Ọdún náà wá dé. Oṣù kìíní mú ooru tí rédíò ní irú rẹ̀ kò tíì sí lákọsílẹ̀, àní àwọn adìẹ ń la ẹnu kiri. Ní oṣù kẹta, ìjì ńlá kan kọlù wá. Ó wó ilé Wilmot àti Eslin palẹ̀, ó ṣí òrùlé tèmi, ó gé igi gbẹrẹfútù mi sí méjì. A jáde, a ka ara wa, a pé. Aṣọ tí a sá kò tíì gbẹ tí rédíò fi ní òmíràn ń bọ̀. Mo rò pé ìròyìn àná ni wọ́n ń tún kà. Àwọn arúgbó wa kò rí i rí, kí ìjì méjì jà láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Oyún Eslin ti pé oṣù mẹ́jọ. Ilé Mama nìkan ló kù fún gbogbo wa láti sá sí, èmi àti ọkọ mi pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe wà lábẹ́ òrùlé tí Jorj kàn.

Ọ̀sán ni ìjì kejì dé, ojú ọ̀run sì ṣú dùdù. Igun páànù kan lókè ibùsùn Eslin bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, pà, pà, pà. A mọ̀ pé bí ìyẹn bá lọ, ìyókù á tẹ̀ lé e, páànù tó ń fò kì í sì wo ojú aboyún. Wilmot ti mú okùn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Mama ló jókòó sórí ibùsùn náà, tó di ọmọ rẹ̀ mú. Wilmot dúró, ó tẹjú mọ́lẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Tiko," Mama pè, "Tiko, sọ fún ọkùnrin kan..."

Tiko ti sá sábẹ́ ibùsùn. A pè é, a fi ẹran tàn án, kò jáde. Páànù náà tún ṣí sí i, òjò ń dà lé Eslin lórí.

Mama wo òkè. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Wilmot!" ó ké. "Gba orí mi kọjá! Gun òkè!"

Ìjì ń jà o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí n fi ọwọ́ di etí.

Wilmot fò sórí tábìlì, ó rọ̀ mọ́ igi òrùlé lókè orí ìyá ìyàwó rẹ̀ gan-an, ó fi okùn yí igi àti páànù po, ó ju ìpẹ̀kun rẹ̀ kejì sílẹ̀. "Mama, ẹ dì í mú!" Òun náà ti gbàgbé ajá. Mama so okùn mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn, ó jókòó lé ìyókù lórí, èmi náà jókòó tì í. Odidi wákàtí mẹ́ta.

"Ṣé o ti sùn lókè ni?" Mama ń pariwo.

"Mi ò sùn o, Mama!"

"Mo ti pe orúkọ rẹ tán lónìí. Má jẹ́ kó já sí asán!"

Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, òrùlé wà. Eslin wà. Ọmọ inú rẹ̀ ń tàpá. Mo kúnlẹ̀ sínú omi tó wà nílẹ̀, mo dúpẹ́ títí orúnkún fi ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kejì, ìtìjú dé. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ṣẹ àna rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan tù ú lójú. Wilmot wá àkùkọ kan tí ìjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tu níyẹ̀ẹ́ tán, ó gbé e lọ sọ́nà ilé Mama. Ìgbà náà gan-an ni Mama jáde, ẹní tó fi oṣù méjì hun wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òun ló pe orúkọ. Wọ́n pàdé láàárín àgbàlá, kálukú ń wo ilẹ̀.

"Tiko," àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà. Ajá bọ́ sáàárín wọn, ó lé àkùkọ lọ. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Eslin bí ọmọbìnrin ní oṣù kẹrin, ajá sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Ní oṣù kẹwàá, ìgbà tí kò yẹ kí ìjì tíì máa jà rárá, rédíò tún ní ọ̀kan ń bọ̀. Kí n tó dìde, Mama Elmina ti dé fàráńdà mi, ó pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ há abíyá.

"Mama, kí ló dé? Ẹ kì í filé yín sílẹ̀."

"Ọmọ mi fẹ́ kan òrùlé. Kò gbọdọ̀ gba orí mi kọjá."

"Ọmọ wo? Eslin?"

Ìró òòlù dún láti àgbàlá rẹ̀, gbà, gbà, gbà, ìró ẹni tó mọṣẹ́.

"Ọmọ mi ọkùnrin."

"Ìgbà wo lẹ bí ọkùnrin?"

"Oṣù kẹta," ó ní. "Ṣebí ìwọ náà wà níbẹ̀."

Mo sún àga mi, kí àpótí rẹ̀ lè ráyè.