Ìyá Yudelkis ń Wá Wáwà

Ẹsẹ̀ Yudelkis ti wú bíi búrẹ́dì, bàtà rẹ̀ ti já, síbẹ̀ ìyá rẹ̀ ò yé rìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Dominican wá wo ìlú Ecuador ni màmá ti ń kọrin kan náà: "Ẹni tó wọkọ̀, kí ló rí?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè gbẹ́sẹ̀ mọ́!"

"Ọ̀lẹ! Ó dáa, jẹ́ n béèrè ọkọ̀."

Ó bá dá obìnrin kan tó pọnmọ dúró. "Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, níbo la ti lè rí wáwà mú?"

Lọ́dọ̀ tiwa, bọ́ọ̀sì ni wáwà. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ ọwọ́ ni. Obìnrin náà di ọmọ rẹ̀ mú gbágbá.

"Wáwà ta ni?"

"Èyí tó bá ṣáà kọ́kọ́ kọjá la máa mú!"

"Gbọ́mọgbọ́mọ rèé o!"

Àwọn èèyàn tú síta. Yudelkis já bàtà sọ́wọ́, ó ki eré mọ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìgbà tí wọ́n dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan, màmá ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ṣó o rí i? Ìwọ tó ò lè gbẹ́sẹ̀! Ó yá, ká máa rìn lọ."

Yudelkis pòṣé, ó gùn tó ọ̀nà tó kù.