Ọkọ tí Mo Wá fún Balógun Wa

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́, àpò ṣòkòtò kan ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Ṣòkòtò tí àwọn ọkùnrin ti wọ̀ gbó ni, wọ́n ní kí n fọ̀ ọ́ fún ikọ̀ obìnrin. Èmi ni mò ń tọ́jú aṣọ ìgbábọ́ọ̀lù ní ẹgbẹ́ kékeré kan lẹ́bàá Old Kent Road ní London. Bọ́ọ̀lù niṣẹ́ òòjọ́ àwọn ọmọ yìí o, síbẹ̀ bí wọ́n bá ń sáré, ọwọ́ kan á máa fa ṣòkòtò sókè.

Bọ́lá ló gbà wá. Òun ni balógun ikọ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Peckham. Ó wọ ọ́fíìsì lọ, ó ní àwọn ò ní jáde sórí pápá mọ́ àfi kí wọ́n ra ṣòkòtò tó bá obìnrin mu. Lọ́sẹ̀ kejì, ṣòkòtò tuntun dé. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé irú ọmọ yìí ò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Àfi kó fẹ́ Mùfú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Camberwell.

Bí mo bá ń fún àwọn ọmọ náà láṣọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń tọrọ góòlù, mo sì máa ń ṣàdúrà fún wọn níkọ̀ọ̀kan. Àmín Bọ́lá ló máa ń ròkè jù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní kí Ọlọ́run fún un lọ́kọ rere, á dákẹ́. Mo ní ojú ló ń tì í. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń fọ báńdì apá rẹ̀ aláwọ̀ òṣùmàrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo rò pé ó kàn fẹ́ràn àwọ̀ ni.

Mùfú wá wòran lọ́jọ́ Sunday kan, ó wọ agbádá funfun nínú òtútù. Ó jókòó ti obìnrin kan, ó sì ṣàlàyé fún un pé balógun yẹn lòun fẹ́ fi ṣaya. Obìnrin náà bu tíì fún un.

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Uncle. Ìyàwó mi nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n lọ sinmi ni Mùfú wá jíṣẹ́ fún mi, ife tíì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ohun tójú ń wá lojú ń rí.

Lẹ́yìn eré, Bọ́lá wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó ní, "Aunty, everybody knows. Mo ti sọ ọ́ lórí TV pàápàá. Báńdì òṣùmàrè tí ẹ ń bá mi fọ̀ yẹn, àmì àwa obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ni."

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi.

"Mummy mi ò gbàdúrà fún mi mọ́ since I told them. Tiyín nìkan ló kù. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀yin náà stop."

Mùsùlùmí ni mí, mi ò ní purọ́ pé ọkàn mi ò dàrú. Ṣùgbọ́n àánú ọmọ náà ṣe mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kí la fẹ́ fi àdúrà du ọmọ fún?

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, nígbà tó kan Bọ́lá láti gba aṣọ, gbogbo àwọn tó kù kọjú sí wa. Wọ́n ti gbọ́ ìtàn Mùfú. Mo bi í léèrè orúkọ ìyàwó rẹ̀, ó ní Tóyìn. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ọlọ́run á dá ẹ sí fún Tóyìn, á dá Tóyìn sí fún ẹ. Ẹ ó jọ dàgbà, ẹ ó jọ dogbó."

Àmín tó ṣe, àwọn òǹwòran gbọ́ ọ níta. Ó fi omijé ba aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ jẹ́. Góòlù mẹ́rin ni ikọ̀ kejì fi nà wá lọ́jọ́ náà, nítorí mo gbàgbé láti tọrọ góòlù.