Ọjọ́ Tí Mo Pe Tíṣà Mi Ní Ìwọ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo dá ilé ẹ̀kọ́ kàrátè sílẹ̀ ní Ìlobù. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, ó máa ń dún bíi pé mo kọ́ ilé kan. Kíláàsì kan ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a máa ń ti àwọn bẹ́ńṣì inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Òṣogbo lójúmọ́. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ kàrátè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, títí tó fi so bẹ́líìtì dúdú mọ́ mi ní ìbàdí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo á wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, mo á bọ́ ṣòkòtò tí lẹ́búlẹ́bú pákó kún, mo á di ọ̀gá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Kò sí ohun tí mo rò pé mi ò mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlá ni mo ní. Bàbá ọ̀kan nínú wọn wá bi mí ní ọ̀sẹ̀ kejì pé ìgbà wo ni a máa dé ibi tí ọmọ òun á ti máa fo ògiri. Mo ní a ṣì wà lórí bí wọ́n ṣe ń dúró. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ta ọjà tí kò pé fún.

Nínú àwọn mẹ́tàlá náà, ẹnì kan ṣoṣo ló jù mí lọ, ó sì jù mí lọ dáadáa. Tíṣà tó kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin ni. Ọmọ Ìfọ́n ni, Ìlobù ló ti ń ṣiṣẹ́, kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn wá. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Òun ló bá mi bẹ ọ̀gá iléèwé tí wọ́n fi yọ̀ǹda kíláàsì fún wa, torí náà mi ò lè ní kó má wá. Ọwọ́ tó fi pàṣán nà mí nítorí pé mi ò mọ ìlọ́po méje, ọwọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀ṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló rán aṣọ kàrátè fún un. Aṣọ náà funfun, ó sì gún régé, àfi pé ó ní àpò ní igbáàyà. Ìyàwó náà kò rí i rí kí ọkọ rẹ̀ wọ aṣọ tí kò níbi tí wọ́n ń fi báírò sí. Tíṣà mi sì ń fi báírò sí i lóòótọ́. Mo sọ fún un pé bí ẹnikẹ́ni bá gbá a láyà, báírò náà lè gún un. Ó ronú sí i, ó yọ ọ́, ó fi pẹ́ńsù rọ́pò rẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti sọ ohun tó ń wá fún mi. Ó ní ogún ọdún lòun ti ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní ìdánwò, ṣùgbọ́n èyí tí òun fúnra òun ṣe kẹ́yìn, ìdánwò ìgbéga àwọn olùkọ́, òun fìdí rẹmi nínú rẹ̀, òun kò sì tún jókòó ṣe òmíràn láti ìgbà náà. Ó ní kí orúnkún òun tó kọ̀, òun fẹ́ ṣe ìdánwò kan kí òun sì yege. Bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé, èyí tó wà láàárín funfun àti dúdú, lòun fẹ́. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, èmi náà kò sì lè rẹ́rìn-ín. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì pinnu pé yóò gba bẹ́líìtì náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé kò sẹ́ni tó lè kàn án ní ẹ̀ṣẹ́. Bí èmi àti òun bá dojú kọra, ẹ̀ṣẹ́ mi á lọ dáadáa. Nígbà tó bá ku ìwọ̀n ìka mẹ́rin kó dé imú rẹ̀, á dúró fúnra rẹ̀ bí ẹni tó pàdé àna rẹ̀ lọ́nà. Àwọn yòókù kò sàn jù mí lọ, torí pé ìdajì wọn ló ti gba abẹ́ pàṣán rẹ̀ kọjá. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan ṣèèṣì fọwọ́ kan etí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ìyá rẹ̀ dání wá tọrọ àforíjì. Tíṣà mi ní tirẹ̀ rò pé òun ló mọ ẹ̀ṣẹ́ yẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé ojú òun ti yá, pé òun ti ń rí ẹ̀ṣẹ́ kí a tó jù ú. Inú rẹ̀ ń dùn, èmi náà sì ń yìn ín. Irọ́ ni mò ń pa fún un, ọ̀wọ̀ ni mo sì ń pe irọ́ náà.

Mi ò sọ pé mi ò rí àléébù rẹ̀. Kó tó ju ẹ̀ṣẹ́, á gbé àgbọ̀n sókè bí ìgbà tó fẹ́ bi kíláàsì ní ìbéèrè, ẹni tó ń bá a jà á sì ti mọ̀. Bí wọ́n bá lé e, ẹ̀yìn tààrà ló ń sá sí, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kéèyàn yà sí, kí ẹni tó ń bọ̀ kọjá lọ, kó sì ṣí ìhà rẹ̀ sílẹ̀ fúnni. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ bá mi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ sà. Kí n tó sọ ọ́ tán, ìjà ti parí.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lẹ́yìn ọdún kan, mo kó tèmi ròde, mo mú tíṣà mi lọ sí Òṣogbo fún ìdánwò. Ó ṣe gbogbo ìlànà tí wọ́n ní kó ṣe láìṣi ẹyọ kan. Ohun tó bá ti jẹ́ àkọ́sórí, ẹ fi tíṣà sílẹ̀. Ó wá ku ìjà. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé gbọ́dọ̀ borí nínú ìjà kan, nínú ìlà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà yíká, ẹni tó bá sì jáde kúrò nínú ìlà ti pàdánù. Ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ló ń darí ìjà. Kò fẹ́ràn kí wọ́n máa fi èdè Japan pín àwọn tó ń jà níyà. Ó ní ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ á kọ́kọ́ ronú, ẹ̀ṣẹ́ á sì ti balẹ̀. "Ẹ dúró" ló fi ń pín wọn.

Wẹ́dà kan, ọmọ Òṣogbo, ni wọ́n mú kó tíṣà mi. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tíṣà mi kò sì kọ́ ọ rí. Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ balẹ̀ sí èjìká tíṣà. Mo rí ojú rẹ̀: ìyàlẹ́nu ló wà níbẹ̀ ju ìrora lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn tààrà, ìlà ṣọ́ọ̀kì sì ti sún mọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó má sá mọ́, kó dúró gbọn-in. Ká ní ẹgbẹ́ mi ni, "Dúró!" ni mi ò bá pariwo. Ṣùgbọ́n tíṣà mi ni. "Ẹ dúró!" ni mo pariwo.

Ẹ kan náà tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo la fi ń bá èèyàn méjì sọ̀rọ̀. Tíṣà mi, tó ti fi ogún ọdún sọ fún ọmọ pé bí wọ́n bá ní ẹ dúró kí wọ́n dúró, rò pé wọ́n ti dá ìjà dúró. Ó sọ ọwọ́ sílẹ̀. Ó tún tẹrí ba fún wẹ́dà. Ìpá wẹ́dà ti wà lójú ọ̀nà ní tirẹ̀, kò sì sí bó ṣe fẹ́ pè é padà. Àyà ló ti bá tíṣà. Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì lẹ́yìn ìlà, pẹ́ńsù sì kán sí méjì nínú àpò rẹ̀.

Mo sáré tọ ọ̀gá mi lọ, mo ní èmi ni mo pariwo. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu òun kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ìjà kì í sì í dúró nítorí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tó yege, wọn kò ka ti tíṣà mi.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló jókòó sí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ìgbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìlobù ló tó yíjú sí mi. Kò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

"Ọdún kan gbáko lo fi bọ̀wọ̀ fún mi," ó ní. "Ìgbà wo lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi?"

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ó là á sílẹ̀ fún mi pé láti ọjọ́ kejì lọ, bí a bá ti wọ kíláàsì, ìwọ ni kí n máa pe òun. Bí a bá jáde síta, kí n padà sí ẹ̀yin. Ó ní ìdánwò mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, òun á sì ṣe é.

Ẹnu mi kọ̀ jálẹ̀. Mo bá ń dá ọgbọ́n, mò ń bá ẹ̀yà ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ dípò òun gan-an. Mo á ní ọwọ́ òsì yẹn, kó gòkè. Ẹsẹ̀ yẹn, kó yà. Nígbà mìíràn, mo á kọjú sí bọ́ọ̀dù, mo á ní kí ẹni tó bá mọ̀ pé òun ń gbé àgbọ̀n sókè yáa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tíṣà mi kò gbà. Gbogbo ẹ tó bá jáde lẹ́nu mi, á mú ṣọ́ọ̀kì, á fa ìlà kan sójú bọ́ọ̀dù. Ìlà kan, púṣọ́ọ̀pù mẹ́wàá. Èmi ọ̀gá á dojú bolẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi á máa kà á sókè. Mi ò rí wọn kí wọ́n tètè dé rí bí ti ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ tí ẹnu mi wá là, ọjọ́ náà ni ìyá mi ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ tó gba ẹ̀yìn kíláàsì kọjá. Ohun tó gbọ́ láti ojú fèrèsé ni ọmọ bíbí inú rẹ̀ tó ń kígbe mọ́ tíṣà pé, ìwọ, gbọ́wọ́ ẹ sókè, àbí o ń sùn ni? Nígbà tí mo délé, oúnjẹ mi kò sí lórí tábìlì. Mo ṣàlàyé pé tíṣà fúnra wọn ló ní kí n máa sọ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí pé bí bàbá bá ní kí ọmọ na òun, ṣé ọmọ á sáré lọ mú pàṣán ni? Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí Ìfọ́n, ó kúnlẹ̀ fún tíṣà, ó bá mi tọrọ àforíjì. Tíṣà ṣàlàyé fún un títí. Ìyá mi dúpẹ́, ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń gba ọ̀nà tó jìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kan tíṣà mi nímú. Ẹ̀ṣẹ́ tó tọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì yọ. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, mò ń bẹ̀bẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó wo ẹ̀jẹ̀ náà bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ àmúrelé. Ó bi mí pé ṣé bó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní a jẹ́ pé òun kò yẹ ẹ̀ṣẹ́ kankan rí láti ọdún kan. Mo ní kò yẹ ìkankan. Ó ní kí n dìde ká tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ẹ̀ṣẹ́ yẹ̀ lóòótọ́.

Oṣù mẹ́fà pé, a padà sí Òṣogbo. Bíríkìlà ni wọ́n fún un lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi bíi búrẹ́dì. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Mo mọ̀ pé bó bá tún pàdánù, kò ní ṣe ìdánwò kankan mọ́ láyé rẹ̀. Bíríkìlà lé e, tíṣà sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ó tún sún lẹ́ẹ̀kejì.

"Dúró!" mo pariwo. "Má sá! Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́!"

Màmá kan tó mú ọmọ rẹ̀ wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì bi ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ pé ilé wo ni wọ́n ti tọ́ eléyìí. Tíṣà mi dúró. Nígbà tí bíríkìlà tún kù gìrì wá, ó yà sí ọ̀tún, àgbọ̀n rẹ̀ kò gbéra, bíríkìlà sì kọjá lọ bí ẹni tó fi ìkánjú wọ ilé onílé. Tíṣà kàn án ní ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo níhà. Bíríkìlà ló bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ìlà.

Nígbà tí wọ́n ka orúkọ tíṣà mi mọ́ àwọn tó yege, kò dìde. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un kà. Wọ́n tún un kà.

Àṣà ọ̀gá mi ni pé ẹni tó kọ́ni ló ń so bẹ́líìtì mọ́ni. Mo kúnlẹ̀ kí n lè so ó dáadáa. Omi kan kán sórí ọwọ́ mi, mi ò sì gbójú sókè, torí mi ò fẹ́ kí tíṣà mi mọ̀ pé mo rí ẹkún òun.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi," ó ní.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti mọ̀ mí, kò fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo wẹ̀yìn wò kí n mọ àwọn tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.