Èédú Etí Odò Challawa

Lánàá, òróró ólífì ìyàwó ọmọ mi dà sórí èédú ní ilé ìdáná. Òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí ọ̀sán kan nínú àgbàlá wa ní Sabon Gari.

Ayálégbé wa kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, máa ń gbẹ́lẹ̀ wá ohun àwọn ará àtijọ́ létí odò Challawa. Lọ́jọ́ náà, ó kó òkúta ẹlẹ́nu mímú àti èédú wálé. Ó ní abẹ́ yanrìn tí odò tẹ́ léra wọn láyé àtijọ́ ni òun ti rí wọn. Ẹ̀mú tín-ín-rín ló fi ń kó èédú náà sínú agolo.

"Kí ló dé tí o ò fọwọ́ kàn án?" ni Màámi bi í.

"Màmá, ọwọ́ á ba ọjọ́ orí ẹ̀ jẹ́."

"Haba! Ọjọ́ orí ta ni?" Màámi wo àwa ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe lọ wẹ̀, Màámi da òróró ólífì àdúrà tí Wòlíì ìjọ wa fún un sínú agolo náà, títí èédú fi ń dán.

Yunifásítì ni mo ti mọ̀ pé èédú yẹn ì bá sọ ìgbà tí àwọn tó gbẹ́ òkúta wọ̀nyẹn dáná létí odò, àti pé òróró ti pa á lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wẹ̀ tán tó rí agolo rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

Màámi fà mí mọ́ra. "Ṣé o rí i? Ta ló ń sunkún nítorí èédú lásán?"