Aago Mẹ́wàá Nahodha Mwinyimvua

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Nahodha Mwinyimvua, ẹ bá a sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ kí i. Mo ti dán an wò rí. Mo kàn yọ sí i níwájú ilé, mo ní, "Bàbá, ẹja dà?" Ó wò mí títí ara mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo padà sẹ́yìn, mo tún yọ sí i. Mo kí i káàárọ̀, mo kí i kú iṣẹ́, mo béèrè ìyàwó, mo béèrè ọmọ, mo béèrè ọkọ̀. Ìgbà náà ló tó dáhùn: "Ẹja wà."

Nahodha ni à ń pe ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ní Rasi Mkwaju, ìlú etí òkun wa yìí. Ọkọ̀ onígbòkun ni tirẹ̀, òpó igi tí wọ́n fi ń kọ́lé ló ń fi í kó láti erékùṣù wá sí èbúté, á sì pa ẹja díẹ̀ lójú ọ̀nà. Orúkọ tó kọ sí i lára ni Usinicheke, ìyẹn "Má fi mí rẹ́rìn-ín." Ọkọ̀ tó bá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní fi í rẹ́rìn-ín? Èmi fi í rẹ́rìn-ín dáadáa.

Nígbà tí ọ́fíìsì èbúté sọ pé àwọn kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, pé kí olúkúlùkù fi àtẹ̀jíṣẹ́ san owó èbúté láti inú fóònù rẹ̀, èmi ni Bàbá ní kí n wá kọ́ òun. A jókòó sórí pèpéle iwájú ilé rẹ̀.

"Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀, Bàbá, kí ẹ fi ránṣẹ́. Ó parí."

"Mo ń kọ ọ́."

Ó pẹ́ jù. Mo yọjú wò ó. Ohun tó ti kọ ni: Ẹ káàárọ̀ o. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èmi Mwinyimvua ọmọ Makame ni.

"Bàbá! Ẹ̀rọ ni o!"

"Ẹ̀rọ kò ní ìyá ni?"

"Kò ní."

"Ẹni tó ṣe é ńkọ́? Òun náà kò ní?"

Ó fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èsì dé kíá: Àtẹ̀jíṣẹ́ yín kò tọ́.

"Ṣé o rí i? Ó bú mi."

"Kò bú yín, Bàbá. Ó ní kò yé òun ni."

"Ẹni tí wọ́n kí tí kò jẹ́, kí lo ń pe irú wọn nílé yín?"

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rí i lọ́nà, fóònù rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ kí. "Fóònù, ẹ káàárọ̀ o. Ilé ńkọ́? Ìyá yín ńkọ́?" Sálúbàtà ló máa ń fi dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n ṣe níkẹyìn. Tí ó bá ti tẹ̀ ẹ́ tí èsì ìdúpẹ́ dé, á gbé fóònù náà sókè fi han gbogbo àwọn tó ń mu kọfí nítòsí.

Ìgbà tí ọdún ń parí lọ ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù gbogbo àwọn nahodha: Ẹ san owó àyè ọkọ̀ yín fún ọdún tuntun kí aago 10 Ọjọ́bọ̀ tó lù. Àyè ẹni tí kò bá san án yóò di ti ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ eré kọ́ nìyẹn. Àyè ni ọkọ̀ fi ń já ẹrù. Ọkọ̀ tí kò bá ní àyè ní èbúté, igi ìdáná ló kù tó jẹ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láti ìlú Tanga sì ti tò síta, wọ́n ń retí ẹni tí yóò ṣubú.

Lọ́dọ̀ wa, oòrùn ni a fi ń ka aago. Bí ó bá yọ, tí wákàtí kan kọjá, aago kan lù nìyẹn. Aago mẹ́wàá wa kò sí ní òwúrọ̀ rárá, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí wọ́n bá ń pe ìrun Aláásárì. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa ń kà á, bẹ́ẹ̀ ni tíṣà wa ń kà á. Kò sẹ́ni tó ka àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn tó ro nǹkan mìíràn.

Àwọn yòókù ti san tiwọn ṣáájú. Ti Bàbá ló kù, torí pé alẹ́ Ọjọ́rú ni owó òpó tó kó kẹ́yìn wọlé. Ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ kò sì tíì mọ́ tán tí igbe ọ̀fọ̀ fi ta nílé Fundi Jongo. Fundi Jongo ni gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan Usinicheke, òun náà ló ń fi òwú àti òróró dí àárín pákó rẹ̀ lọ́dọọdún. Kò sí ọmọ rẹ̀ kan tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n ní òróró náà ń rùn.

Mo pàdé Bàbá níbi tó ti ń sáré lọ síbẹ̀.

"Bàbá, owó èbúté ńkọ́?"

"Aago mẹ́wàá ṣì jìnnà, Mwanatumu. Òkú ni kì í dúró. Ta ni yóò wẹ̀ ẹ́? Ṣé ìwọ ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́."

"Èmi ni mo ni ọkọ̀, ọwọ́ mi ni yóò san owó rẹ̀." Ó fi fóònù náà sí mi lọ́wọ́. "Tọ́jú ẹ̀. Má sì kí i o!"

Àwàdà tó ṣe gbẹ̀yìn nìyẹn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n wẹ òkú, wọ́n gbé e lọ sí mọ́sáláṣí, wọ́n sin ín. Bàbá kírun ọ̀sán tán kó tó padà, iyanrìn itẹ́ òkú ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ láìsí àṣìṣe, ó fi ránṣẹ́. Ó ti ń gbé e sókè kó fi hàn wá kó tó ka èsì náà.

Àkókò ti kọjá.

"Àkókò wo?" ó ní. Èmi náà gbójú sókè. Oòrùn ṣì wà lórí wa gan-an.

Lyimo ni akọ̀wé tó wà ní ọ́fíìsì èbúté, ọmọ ìlú orí òkè ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bàbá kí i, ó béèrè ilé, ó béèrè òbí. Lyimo dáhùn gbogbo rẹ̀ kó tó ní, "Bàbá, ẹ ti pẹ́ jù."

"Wọn ò tíì pe Aláásárì, ọmọ mi."

"Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ẹ̀rọ ní lọ́kàn. Aago àwọn òyìnbó ló ń kà."

"Aago mẹ́rin nìyẹn!"

"Lọ́dọ̀ tiwa, bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ, aago mélòó lo jẹun lónìí?"

"Aago kan, Bàbá."

"Aago kan ta ni?"

Lyimo wolẹ̀. "Tiwa ni."

"Tóò. Bá a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ta ni kí n bá sọ ọ́? Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń pín àyè. Ó ti fún ẹlòmíràn láti àárọ̀. N kò mọ ẹni tó ṣe é, Bàbá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbí."

Bàbá dúró níbẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí ẹnì kan jáde láti yàrá inú. Kò sẹ́ni tó jáde. Kí a tó dé ilé, owó rẹ̀ ti padà sínú fóònù rẹ̀ pé pérépéré. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe olè. Ìbá tilẹ̀ jẹ́ olè, à bá rí ẹni bú.

Àwọn nahodha yòókù lọ bẹ̀bẹ̀, ọ́fíìsì èbúté ní kí Bàbá dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ọkọ̀ pákó kì í dúró di ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n fa Usinicheke kúrò ní èbúté lọ sórí ẹrẹ̀ lẹ́yìn ọjà ẹja, níbi tí omi kì í dé àfi bí òkun bá kún gidi. Pákó tí kò sí nínú omi máa ń gbẹ, bó bá sì gbẹ, á súnkì, àárín rẹ̀ á là. Fundi Jongo ìbá mọ ohun tí yóò ṣe sí i.

Bàbá wá yá garawa lọ́dọ̀ ìyá mi. Láràárọ̀ ló ń pọn omi òkun, tí ó ń dà á sára ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí pákó má baà là. Oòrùn á gbẹ ẹ́, á tún lọ pọn òmíràn. Àwọn ọmọ ọjà ń pariwo, "Nahodha, ẹ̀fọ́ kí lẹ gbìn síbẹ̀?" Kò bú wọn. Mo lọ bá a lọ́jọ́ kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣàìkí i, mo ní, "Bàbá, ẹja dà?" kí ó lè bínú.

Ó ní, "Kò sí," ó sì ń pọn omi rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, mo sì rí òkun gba àlàfo tó ti là láàárín pákó rẹ̀, tó ń tàn yanran ní òdìkejì. Èmi kò sọ fún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá garawa wa lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó dojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Kò kan ilẹ̀kùn, kò sì kí ẹnikẹ́ni.