Ilà Ẹ̀gbẹ́ Táyà

Títí di òní, bí mo bá dé gáréèjì Ẹ̀jìgbò, ojú èèyàn kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ ni.

Iṣẹ́ ọkọ mi ni títún táyà tẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ará, ibi tí mo ti ń ránṣọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí òórùn rọ́bà fi máa ń wọ gbogbo aṣọ tí mo bá rán. Bí ẹ̀yìn táyà bá ti jẹ tán, tí ara rẹ̀ ṣì le, yóò ha á, yóò lẹ rọ́bà tuntun mọ́ ọn, yóò sì sè é nínú irin gbígbóná títí tí yóò fi mú. Tó bá tutù tán, yóò ki irin pẹlẹbẹ bọ iná, yóò fi kọ ilà kéékèèké mẹ́ta sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni kọ pélé fún ọmọ. Gbogbo awakọ̀ ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀: a ti tún eléyìí tẹ̀, ẹ má fi sí ẹsẹ̀ iwájú, ẹ má sì di ẹrù pa á.

Wọ́n ní òfin ìjọba wà pé kí irú táyà bẹ́ẹ̀ ní àmì lára. Orí rédíò la ti ń gbọ́ òfin yẹn, a ò rí i kó yà sí gáréèjì rí. Nígbà tí táyà tuntun wá wọ́n gógó, àwọn tó ń ta táyà ń bẹ ọkọ mi pé kó má kọlà mọ́, kí àwọn lè tà á bíi tuntun. Èmi náà ní kó gbà fún wọn. Ó wò mí, ó ní, “Ìwọ tí o máa wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la, ṣé o ò fẹ́ mọ ohun tó ń gbé ọ lọ ni?”

Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn oníbàárà lọ bá àwọn tí kì í kọlà. Ọkọ mi di ẹrù, ó mú irin ilà rẹ̀, ó gba Àbíjàn lọ bí ọ̀pọ̀ ará ìlú wa. Ó ní kí n má retí lẹ́tà, pé òun kì í ṣe akọ̀wé. “Ọkọ̀ tó bá ti ọ̀hún wálé, wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí o bá ti rí ilà wa, mo wà láàyè, mo sì ń ṣiṣẹ́.”

Ó wá ṣọdún Iléyá àkọ́kọ́ nílé. Lẹ́yìn ìyẹn, ilà nìkan ló ń wá.

Bí ọkọ̀ Àbíjàn bá wọ̀lú, tí àwọn ìyá ń dì mọ́ ọmọ wọn, èmi a bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, n ó fi etí ìró nu eruku kúrò lára táyà. Bí mo bá rí ilà mẹ́ta, ara mi á balẹ̀. Àwọn awakọ̀ a ní, “Ìyàwó táyà ti dé o.” Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, ṣebí táyà tèmi ń jíṣẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. Òórùn rọ́bà tí mo máa ń bú nígbà kan, òun ni mo wá ń wá kiri nínú ẹ̀wù tó fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n fẹ́ ọkọ mìíràn, pé ọjọ́ orí ò dúró de ẹnìkan. Mo ní ọkọ mi ò kú, ilà rẹ̀ wọ̀lú lánàá.

Nígbà Iléyá kan, ọkùnrin kan láti Ìsúndunrin wá dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ó ní àwọn jọ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi lọ́hùn-ún, òun ní kí òun kí ìyàwó pátírọ̀n, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá níbẹ̀. Mo bi í pé àlàáfíà kí ọ̀gá rẹ̀ wà.

“Ṣé wọn ò tíì dé ilé ni, mà? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gàbọ́ọ̀nù. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn máa gbà wálé. Wọ́n fi irin ilà lé mi lọ́wọ́.”

“Ta ló wá ń kọ ilà?”

“Èmi ni, mà. A kì í pa ilà ṣọ́ọ̀bù dà, kí awakọ̀ lè mọ ibi tí yóò wá bí nǹkan bá ṣe táyà.”

Òótọ́ ló sọ. Bàbá ìbáà má sí nílé, ilà ìdílé ni wọ́n á kọ fún ọmọ. Èmi ni mo ka ilà ilé sí ohùn ọkọ mi. Mo sunkún níwájú ọmọ ọlọ́mọ, ojú ò sì tì mí. Ó ní bí mo bá fẹ́, òun á fi ẹyọ kan kún ilà náà, kó má baà tún tàn mí jẹ.

Mo ní, “Má fọwọ́ kàn án. Ibi yòówù tí ọ̀gá rẹ bá wà, bí ọkọ̀ tó ní ilà yẹn bá kọjá níwájú rẹ̀, kó mọ̀ pé ilé ṣì wà.”

Ìdí tí mo ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ nìyẹn. N kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ilà náà mọ́. Mo kàn ń nu eruku kúrò lára rẹ̀, kó lè hàn dáadáa.